Omi Ọwọ́ Òsì tí Mo Bù fún Àna Mi

Kọ́bapẹ́, ọjọ́ Ajé

Kọ́ládé ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú wàhálà Èkó, mo sì kí ọ kú àdáse oúnjẹ. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn jẹ.

Ìyàwó mi ní kí n kí ọ. N ó tún un kọ nítorí ó dùn mọ́ mi: ìyàwó mi, Oyíndà, ní kí n kí ọ. Láti ìgbà tí a ti jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì ni inú mi ti ń dùn bí ọmọ tí wọ́n ra bàtà ọdún fún. Àwọn ará àdúgbò ní ṣé kì í ṣe ọmọ mi ló yẹ kó gbé ìyàwó, mo ní ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ wò ó lára mi ná.

O mọ̀ pé apá kan péré ló ń ṣiṣẹ́ lára mi nígbà tó gbà láti fẹ́ mi, rọpárọsẹ̀ ọdún tó kọjá ti sọ apá òsì di igi. Haleemah, ọmọbìnrin tó ń kọ́ apá náà níṣẹ́ ní ọsibítù l'Abẹ́òkúta, gbé dígí sáàárín ọwọ́ mi méjèèjì, ó ní kí n máa mi ọ̀tún, kí n sì máa wo dígí bí ẹni pé òsì ló ń mì. Mo bi í pé ṣé kì í ṣe irọ́ nìyẹn, ó ní ọpọlọ mi nìkan la ń tàn. Mo ní bó bá jẹ́ tèmi ni, kò burú.

Ó tún máa ń yọ sí mi nínú fóònù, ìdí nìyẹn tí mo fi ń da aṣọ bò ó bí mo bá fẹ́ wẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó ní kí n fi ọ̀tún gbé òsì sókè, bẹ́ẹ̀ ni òun náà ya ẹnu sílẹ̀, tí kò mira mọ́. Èmi náà kò sọ apá kalẹ̀, ẹni tó ní ká gbé e kò tíì ní ká sọ̀ ọ́. Ìgbà tí ìyàwó mi dé láti oko ẹ̀gẹ́ ló sọ fún mi pé dátà ló tán.

Ìbọ̀sẹ̀ ló fẹ́ tú ilé mi ká. Haleemah ní ọ̀tún ti ń bá òsì ṣe gbogbo iṣẹ́, òsì sì ti ya ọ̀lẹ, bíi ti ẹnì kan tí mo mọ̀ tí ilẹ̀ bá di gbígbá. Ó ní kí n máa fi ìbọ̀sẹ̀ nínípọn di ọ̀tún pa láàárọ̀, kí òsì máa ṣe ohun gbogbo. Bẹ́ẹ̀ ni mo wà ní Sátidé tí Bọ̀dá Ọ̀ṣúnṣínà, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, dé láti Wásinmi. Mo dọ̀bálẹ̀, mo dìde, mo sì fi ọwọ́ òsì gbé omi fún un.

Ó wo omi náà bí ẹni tó rí aláǹgbá nínú rẹ̀. Ó ní ṣé òun ni mo ń fi òsì gbé omi fún, pé tó bá di ọ̀la n ó fi júwe ilé baba òun. Ó ní Oyíndà, lọ di ẹrù rẹ. Mo kàn ń na ìbọ̀sẹ̀ sí i kó lè rí ìdí rẹ̀, ó ní ṣé mo tún fẹ́ fi ìbọ̀sẹ̀ kí òun ni. Mo ti ń rí ara mi bí àpọ́n, bíi tìrẹ.

Oyíndà bú sẹ́rìn-ín, ẹkún sì wà nínú ẹ̀rín náà. Ó ní Bọ̀dá, ẹ fi ìjà sílẹ̀, ẹ wo ife yẹn, ọwọ́ tí kò lè di ṣíbí mú láti ọdún tó kọjá ni. Ìgbà yẹn ni èmi náà wò ó. Ìbẹ̀rù àna kò jẹ́ kí n mọ̀ pé ọwọ́ mi ti di ife mú, omi kò sì dànù. Bọ̀dá gbà á, ó mu ún tán, ó ní òùngbẹ ṣì ń gbẹ òun, kí n tún fi ọwọ́ yẹn gbé òmíràn wá. Omi tó mu lọ́jọ́ náà, mọ́tò á ti dúró fún un lọ́nà dáadáa kó tó dé Wásinmi.

Jọ̀wọ́, fi owó dátà ránṣẹ́, àti owó bọ́ọ̀lù rọ́bà tí òsì yóò máa fún. Tó o bá fi í gba inú fóònù, pe ìyàwó mi kó bá mi yọ ọ́. Ti ìjẹta, fóònù ní owó ti wọlé, mo tú ẹ̀yìn rẹ̀, bátìrì nìkan ni mo bá.

Ọlọ́run yóò fún ìwọ náà ní ẹni tí yóò rí ife kó tó rí ọwọ́.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ọláṣẹ̀hìndé, ọkọ Oyíndà.