Ògì Bàbà Láti Ilé Gàfárù

Ọjọ́rú, 18 Nòfẹ́ńbà, 1936
Ibà. Ọjọ́ kẹta rèé. Oògùn kínínì ń hó létí mi, ẹnu mi korò. Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́ ní igun, ṣòkòtò kákí Dominique oníbàárà mi ṣì wà lórí rẹ̀, ẹsẹ̀ kan ni mo rán. Kòkúmọ́ ni wọ́n sọ mí – ẹni tí kò kú mọ́ – ṣùgbọ́n lónìí mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà.

Nílé ní Ṣakí, bí ara mi bá ń gbóná, ìyá mi á po ògì bàbà fún mi, pupa, ó ki díẹ̀, atalẹ̀ á máa ta nínú rẹ̀. Ní Atakpamé níbí, nílẹ̀ Tógò, àgbàdo ni ògì wọn, funfun báláú. Kò tilẹ̀ sí ẹni tí yóò po ìyẹn fún mi. Ọdún mẹ́fà tí mo ti dé, kò sí ilé kan tí mo lè wọ̀ láìkanlẹ̀kùn.

Ọjọ́bọ̀, 19
Ohun ìyanu! Bí àwọn Mùsùlùmí ṣe ń ṣínu nírọ̀lẹ́, Sẹ̀ríyà, ìyàwó Gàfárù olóbì tó múlé tì mí, gbé igbá wọlé. Ògì bàbà. Gbígbóná! Ará Ìgbòho ni wọ́n, wọ́n mọ̀ ọ́n pò. Ó ní Màmá ló ní kí òun gbé e wá. Ìyá Gàfárù ni Màmá – Ìyá Orí Ẹní ni mò ń pè é nínú ọkàn mi, torí àìsàn kì í jẹ́ kó dìde níbẹ̀. Mi ò bá a sọ̀rọ̀ kọjá ìkíni rí.

Mo sunkún sínú igbá. Kí ẹnikẹ́ni má gbọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 22
Igbá tún dé. Láti ọ̀sán ni etí mi ti wà lẹ́nu ọ̀nà.

Ọjọ́rú, 2 Dìsẹ́ńbà
Mo ti ń dìde. Mo rán ẹsẹ̀ ṣòkòtò kejì. Igbá ò já mi kulẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Ọjọ́ Ẹtì, 4
Gàfárù yà wò mí. Ó ń ròyìn bí ọ̀rọ̀ igbá náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Ìyá òun ò lè gba ààwẹ̀, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ bọ́ aláìní kan lójoojúmọ́, kó jẹ́ ìtánràn. Wọ́n ń wá ẹni tí wọn yóò fún, ni Sẹ̀ríyà bá rántí mi. Ẹ̀rín ló fi ń sọ ọ́. Oníbàárà pè é, ó sáré jáde, kò parí ọ̀rọ̀.

Aláìní. Èmi! Èmi tí mo ní ẹ̀rọ ìránṣọ tèmi! Mo sì rò pé ẹnì kan fẹ́ràn mi.

Sẹ̀ríyà dé nírọ̀lẹ́. Mo ní mo ti yó. Irọ́ ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5
Mo tún dá a padà.

Ọjọ́rú, 9
Mo po ògì fúnra mi. Ó ṣù, ó jóná nídìí. Mo dà á nù.

Sẹ̀ríyà ò yéé kanlẹ̀kùn. Ó ń bí mi nínú – bí kò bá sì kàn án, á tún bí mi nínú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 15
Ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀. Mo lọ kí wọn. Bí n ò bá lọ, gbogbo àdúgbò á mọ̀ pé mò ń bínú. Mo bá Múítì afọ́jú níbẹ̀, ó ń súre fún wọn torí oúnjẹ tí wọ́n fi bọ́ ọ nínú ààwẹ̀. Mo ní àṣé aláìní méjì ni wọ́n ń bọ́.

Sẹ̀ríyà wò mí. "Ṣé Bàbá Fàósátù ò sọ ìyókù fún yín ni?" Ọkọ rẹ̀ ló ń pè bẹ́ẹ̀. Ó ní lọ́jọ́ kejì tí igbá kọ́kọ́ dé gan-an ni ààfáà ti sọ pé oúnjẹ tèmi ò lè jẹ́ ìtánràn, torí pé Kìrìsìtẹ́nì ni mí. Ni wọ́n bá wá Múítì. Ṣùgbọ́n Màmá ní ìyẹn ò ní kí wọ́n gba igbá lẹ́nu mi. Màmá fúnra wọn ló ń pò ó, lórí ẹní, pẹ̀lú ọwọ́ tó ń gbọ̀n. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí mo ń dá a padà, wọ́n á ní bóyá n ó mu ún lọ́la.

Ojú tì mí, mi ò mọ ibi tí mo lè gbé ọwọ́ sí. Mo wọlé, mo dọ̀bálẹ̀ fún Màmá. Wọn ò bèèrè nǹkan kan. Èmi ni mo bèèrè bóyá ògì ṣì kù.

Màmá ní, "Ti àná ni o. Ó ti dì."

Mo ní kí wọ́n gbé e fún mi bẹ́ẹ̀. Ó dì lóòótọ́, ó ti kan. Mo jókòó ti ẹní wọn, mo mu ún tán.