Irun Ìpéǹpéjú Ruqoyyah

Ẹ̀yìn Kuje,
Ọjọ́ Jímọ̀.

Hàlímàt ọmọ mi,

Àsàlámù àlékúmù. Ṣé àlàáfíà lẹ wà láàárín ìlú níbẹ̀? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹ fojú sunkún. Ìyá rẹ ń kí ọ, a ti kó ẹ̀wà wọlé, ewúrẹ́ dúdú yẹn náà ti bí ìbejì.

Ojú Ruqoyyah ọmọ rẹ, ìyàwó mi, ti sàn. Èmi bàbá rẹ ni mo wò ó sàn, dókítà mẹ́ta ló sì wá kọ́ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ mi. Ó dára, dókítà kan ni, Gwagwalada la lọ bá a, kò sì kọ́ nǹkan kan lọ́dọ̀ mi.

Láti ìgbà tí o ti fi ọmọ ránṣẹ́ wá lo ìsinmi ló ti ń sín, tó ń fọwọ́ ra ojú, ojú pọ́n bí ata. Mo wo irun ìpéǹpéjú rẹ̀, ó gùn bí irun àgbàdo. Mo ní háà, Hàlímàt ti mú ọmọ ọdún mẹ́fà lọ lẹ irun ojú tí ẹ̀yin obìnrin Abuja ń lẹ̀ kiri, gọ́ọ̀mù rẹ̀ ló ń ta á lójú. Mo bú ọ fún ìyá rẹ títí, mo bú ọ fún Sàlímọ́tù aládùúgbò wa, òun ló ní kí n tètè gbé ọmọ lọ sí ọsibítù kí ojú má baà fọ́. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù, ó ní kí ni ara ọmọ kì í gbà. Mo kọ ọ́ pé ilẹ̀ gbígbá, abọ́ fífọ̀ àti jíjí ní àsùbáà. Nọ́ọ̀sì kà á, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó.

Dókítà obìnrin náà fi iná wo ojú, ó ní irun ọmọ ni, ẹnikẹ́ni kò lẹ nǹkan mọ́ ọn. Ó ní eruku ọyẹ́ àti irun ewúrẹ́ tó ń gbé sùn ni ara rẹ̀ kì í gbà, òun ló ń mú ojú àti imú yún un, àti pé irun ìpéǹpéjú àwọn ọmọ tó bá ń ṣe báyìí sábà máa ń gùn ju ti ẹgbẹ́ wọn lọ, àwọn dókítà pàápàá kò tíì mọ ìdí ẹ̀ délẹ̀. Irun náà kò yí wọ ẹyinjú, kí a fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ojú kò ní fọ́. Àyà mi wálẹ̀, Hàlímàt. Díẹ̀ ló kù kí n dì mọ́ dókítà, ọpẹ́lọpẹ́ ìyá rẹ tó dúró tì mí.

Fi owó oògùn tí à ń kán sí i lójú ránṣẹ́, kí o fi ti ẹran kún un, ẹni tí ẹ̀rù bà náà ń fẹ́ ìtọ́jú. Má fi í sínú fóònù mi o, ojú rẹ̀ ti sán, owó lè jò dànù. Fi rán Tájù tó ń bọ̀ lọ́jọ́ ọjà. Wàá fi ojú rẹ méjèèjì rí ọmọ Ruqoyyah bí mo ṣe rí tìrẹ, láṣẹ Ọlọ́run.

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́kù. Kí a tó lọ sí ọsibítù, mo ti fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ rin ojú ọmọ kí gọ́ọ̀mù lè yọ́, mo sì fa irun náà. Mẹ́rin já sí mi lọ́wọ́, ọmọ ké, ó sá lọ sẹ́yìn ìyá rẹ. Dókítà ní yóò hù padà. Mo sọ fún un pé ọmọ ló fọwọ́ ara rẹ̀ fà á. Irọ́ ni, èmi ni. Má bínú.

Bàbá rẹ.