Ojú Tí Marlena Gbé Sórí Òkè

Marlena ọmọ mi,

Ilẹ̀ mọ́ bá wa láyọ̀ lónìí, mo sì jókòó sídìí tábìlì ilé ìdáná kí n tó ṣe ohunkóhun, kí ọ̀rọ̀ tó wà nínú mi má baà tutù. Mo kí ọ, ìyá rẹ kí ọ, ajá pàápàá kí ọ. Ṣé ara le? Ṣé o ń jẹun, àbí kọfí nìkan lo tún ń mu láti òwúrọ̀ dalẹ́ ní olú ìlú, ní Charleston níbẹ̀? Ọlọ́run tó mú ọ jáde láàárín àwọn òkè wa kò ní jẹ́ kí o sọnù láàárín àwọn ilé gíga. Iṣẹ́ tí o ń ṣe kò ní ṣe ọ́ léṣe. Àmín.

Àwa náà wà, a dúpẹ́. Ìbàdí ìyá rẹ ṣì máa ń dùn ún bí òjò bá fẹ́ rọ̀, ó ti wá di pé ìbàdí rẹ̀ ni gbogbo àdúgbò fi ń mọ ìgbà tí wọ́n máa ká aṣọ. Igi ápù ẹ̀yìnkùlé so lọ́dún yìí títí ẹ̀ka kan fi ya. Owó tí o ní o fi sínú fóònù mi, a wá a títí. Mo ṣí ẹ̀yìn fóònù náà, bátìrì ni mo bá níbẹ̀. Mo lọ sí báǹkì, ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ ní owó ti wà nínú àkáǹtì mi tipẹ́, mo ní kó mú un jáde kí n fojú rí i, ó mú un jáde, mo rí i, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì dá a padà fún un pé kó máa bá mi tọ́jú rẹ̀. Ó wò mí títí. Mo rò pé kò tíì rí ẹni tó fọkàn tán an tó bẹ́ẹ̀ rí.

Àmọ́ ohun tó mú mi kọ̀wé gan-an ni ọ̀rọ̀ ojú tí o gbé sórí òkè.

Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ kọ́kọ́ dé síbi pẹrẹsẹ tó wà láàárín òkè kékeré àti òkè ńlá, níbi tí wọ́n ti máa ń wọn ọkọ̀ ẹrù, kò yé wa. Wọ́n gé títì, wọ́n ri nǹkan mọ́ ọn, wọ́n gbé òpó dúró, wọ́n so kámẹ́rà mọ́ òpó. Ìgbà tí o ṣàlàyé rẹ̀ lórí fóònù ló tó yé mi. O ní ìwọ lo kọ ètò rẹ̀ ní ọ́fíìsì ìpínlẹ̀, o ní títì fúnra rẹ̀ ni yóò máa wọn ọkọ̀ bó ṣe ń sáré kọjá, o ní kámẹ́rà kan á máa ka nọ́ńbà ọkọ̀, òmíràn á máa wo ooru lára táyà àti bíréèkì, bí ìyá ṣe ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan iwájú orí ọmọ. Ó yé mi dáadáa. Ìdí nìyẹn tí n kò fi gba ibẹ̀ kọjá nígbà tí ọ̀fìnkìn mú mi, kí ojú yẹn má baà rí ibà lára mi kó sì dá mi dúró. Ìyá rẹ pàápàá kì í jẹ́ kí a gba ibẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ ọjọ́ Àìkú mọ́, ó ní bí òun ṣe wúwo tó kò kan ìjọba. Èmi ní tèmi, bí ara mi bá ti dá, tí mo bá dé abẹ́ òpó, mo máa ń rọra wakọ̀, mo máa ń ṣí fìlà, mo sì máa ń juwọ́ sí ọ. Mo mọ̀ pé ọwọ́ rẹ máa ń dí, n kò bínú pé o kì í dáhùn.

Ìwé ètò ọdún tí o fi ránṣẹ́, èyí tí ẹ fi ń tọrọ owó iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, mo kà á sókè fún ìyá rẹ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sùn lọ kí n tó dé ibi tó dùn. Ohun kan ló ká mi lára nínú rẹ̀. A wá orúkọ rẹ títí, a ò rí i. Ìpínlẹ̀ yóò ṣe báyìí, ìpínlẹ̀ yóò ṣe tọ̀hún, bí ẹni pé ìpínlẹ̀ ló ní ọwọ́ tó fi di gègé mú. Mo wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ ojú ìwé kọ̀ọ̀kan pé Marlena ọmọ Denzil ló kọ èyí, mo sì gbé e kọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù Hobert, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó ń ta ìwọ̀ ẹja sí.

Ibẹ̀ ni Verlin ti rí i, Verlin aládùúgbò wa tó ń wa agbégilódò, tí èmi àti rẹ̀ jọ dàgbà létí odò kan náà. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ó ní òun ti ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè yẹn kí wọ́n tó bí ẹni tó kọ̀wé, ó ní etí ni òun fi ń gbọ́ bíréèkì òun, ó wá béèrè bóyá ọmọ tí àkùkọ lé wọ ṣálańgá lójú gbogbo ayé ló fẹ́ kọ́ òun ní ọkọ̀ wíwà. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín. Mo dá a lóhùn pé àkùkọ yẹn burú lóòótọ́, ṣebí òun náà gun orí ọkọ̀ nítorí rẹ̀. Síbẹ̀ kò yí ọkàn padà.

Ó wá di ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Òjò ń rọ̀ wẹliwẹli. Verlin kó gẹdú kún ọkọ̀, ó ti sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè kékeré tán, ó ku òkè ńlá, èyí tó já tààrà sínú ìlú wa. Bó ṣe kọjá lábẹ́ òpó ni pátákó oníná tó wà níwájú tàn, ó kọ nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀ gàdàgbà, ó ní kó yà. Verlin fẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi pé òun fẹ́ ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ó ní ó ku díẹ̀ kí òun tẹná. Ohun tó dá òun dúró ni pé òun rántí pé tí wọ́n bá mú òun, èmi ni n ó kọ́kọ́ gbọ́, n kò sì ní jẹ́ kí òun gbádùn ní ṣọ́ọ̀bù Hobert mọ́ títí òun fi máa kú. Nítorí ìyẹn nìkan ló fi yà.

Ọlọ́pàá ọkọ̀ ẹrù tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, Tackett lorúkọ rẹ̀, ọmọbìnrin kékeré kan báyìí tí atẹ́gùn lè gbé lọ, ó na ara rẹ̀ sílẹ̀, ó wọ abẹ́ ọkọ̀. Verlin dúró sínú òjò, ó ń bú u, ó ń bú òpó, ó bú ìwọ náà díẹ̀, má bínú. Nígbà tí ọmọbìnrin náà jáde, gírísì ti kùn ún níwájú orí. Ó na tọ́ọ̀ṣì sí i, ó ní, "Bàbá, ẹ wọ abẹ́ ẹ̀ kí ẹ fojú ara yín rí i."

Verlin wọ abẹ́ rẹ̀, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Bíréèkì apá ọ̀tún ti kú pátápátá, ó tutù bí òkúta ìsàlẹ̀ odò. Apá òsì nìkan ló ń dá gbogbo gẹdú yẹn dúró, ó sì ti gbóná débi pé bí òjò bá ta sí i, ó ń hó. Etí rẹ̀ kò gbọ́ nǹkan kan nínú gbogbo rẹ̀. Ká ní ó da orí ọkọ̀ yẹn kọ òkè ńlá ni, kò sí ohun tí ì bá dá a dúró àfi ohun tó bá gbá.

Wọ́n ní ọkọ̀ náà kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀, ó bá pè mí pé kí n wá gbé òun. Nígbà tí a dé ìsàlẹ̀ òkè, níwájú ilé Orpha, bọ́ọ̀sì ọmọ iléèwé ti dúró, iná pupa rẹ̀ ń ṣẹ́jú, àwọn ọmọ ti ń sọdá. Okùn bàtà ọ̀kan nínú wọn tú, gbogbo wọn sì dúró dè é láàárín títì, wọ́n ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń ti ara wọn. Mo dá ọkọ̀ dúró. Verlin ka orí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wá ní, "Denzil, ibí ni ǹ bá wà báyìí." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

O mọ ohun tó dé bá Orpha nígbà tí o wà ní kékeré, bí ọkọ̀ èédú ṣe já láti orí òkè yẹn, tó wọ ilé ìdáná rẹ̀, tó pa ọkọ rẹ̀ sídìí oúnjẹ àárọ̀. Láti ìgbà náà kò jókòó síwájú ilé rẹ̀ mọ́, ẹ̀yìnkùlé ló ti ń lo ayé rẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú, Verlin dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tí a kì í gbọ́ ohùn rẹ̀ níbẹ̀ àfi tó bá ń wúkọ́, ó sọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe rí, kò fi èébú tó bú ọmọlọ́mọ pamọ́. Orpha wà níbẹ̀, ó gbọ́. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, ó gbé àga jáde síwájú ilé, ó jókòó, ó ń já ẹ̀wà tútù sínú abọ́. Mo kí i. Ó ní kí n kí ọ. Ó ní kí n sọ fún ọ pé oòrùn máa ń dé iwájú ilé òun lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, òun ti gbàgbé.

Ìyá rẹ sọ fún mi pé ọkàn rẹ kò balẹ̀ nítorí owó ọdún tó ń bọ̀, pé ìjọba àpapọ̀ ní Washington á gbé èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, bí ìpínlẹ̀ bá lè mú ìpín tirẹ̀ wá, àti pé àwọn kan ń sọ pé ìpínlẹ̀ ò ní. Ojú tì wá nígbà tí a gbọ́, torí ta ni ìpínlẹ̀ bí kì í bá ṣe àwa? Ìyá rẹ pe àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì jọ, wọ́n ká ápù, wọ́n yan páì, wọ́n tà á lẹ́nu ọ̀nà Hobert. Verlin ló ra àkọ́kọ́, òun náà ló ra èyí tó kù nílẹ̀ nígbà tí ọjọ́ rọ̀, bẹ́ẹ̀ ápù kì í bá a lára mu. Owó náà wà nínú àpò ìwé funfun tó wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Ìpín ìpínlẹ̀ nìyẹn. Fà á lé gómìnà lọ́wọ́, kó kọ rìsíìtì. Bí kò bá tó, kó má tijú, kó sọ, ápù ṣì wà lórí igi.

O tún sọ fún ìyá rẹ pé ohun tó le jù nínú iṣẹ́ yín ni pé tí ó bá yọrí sí rere, nǹkan kan kì í ṣẹlẹ̀, kò sì sí bí èèyàn ṣe lè fi ohun tí kò ṣẹlẹ̀ han àwọn tó ń pín owó. Mo ro ọ̀rọ̀ yẹn títí. Mo yá kámẹ́rà Hobert, mo lọ dúró sísàlẹ̀ òkè nígbà tí bọ́ọ̀sì ń dé, mo ya fọ́tò kan. Ó wà nínú àpò ìwé yẹn náà. Ìka mi bo igun rẹ̀ kan, má wo ìyẹn. O máa rí títì, kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀ àfi àwọn ọmọ tó ń lọ sílé. O máa rí Orpha lórí àga, tó ń juwọ́ sí wọn. Ohun tí kò ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Fi hàn wọ́n.

Ó ku ọ̀rọ̀ tí n kò fẹ́ sọ. Táyà ọkọ̀ mi ti dà bí orí mi, kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀ mọ́, bí o bá rí owó díẹ̀, ràn mí lọ́wọ́, torí ojú á tì ọ́ tí wọ́n bá dá bàbá rẹ dúró lábẹ́ òpó rẹ. Ìyá rẹ ní kí n má tọrọ. Nígbà tó rí i pé mo ti kọ ọ́, ó ní kí n fi ti ẹ̀wù òtútù kún un.

Ọlọ́run tí kì í tòògbé á máa ṣọ́ ọ bí o ṣe ń ṣọ́ wa. Ọ̀rọ̀ rẹ á wọ etí àwọn tí owó wà lọ́wọ́ wọn. O ò ní ṣiṣẹ́ kí ẹlòmíràn gba ọpẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá tiẹ̀ yọ orúkọ rẹ kúrò nínú ìwé, a ti mọ̀ ọ́n níbí. Láti ọjọ́ Àìkú yẹn ni Verlin kò ti pe orúkọ mi mọ́, gbogbo ṣọ́ọ̀bù sì ti gbà á lẹ́nu rẹ̀, orúkọ tí wọ́n ń pè mí báyìí ni mo fi parí lẹ́tà yìí.

Èmi ni,
Bàbá Marlena