Ilẹ̀kùn Balùwẹ̀ Ìyá Wọn

                                        Ilé Onígéètì Búlúù,
                                        Ẹ̀yìn Ilé-Ẹ̀kọ́ Iṣẹ́ Ọwọ́.
                                        Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹta.

Wíńgà, ọ̀rẹ́ mi láti ìgbà bọ́ọ̀lù,

Báwo lara? Ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ún ti fúyẹ́? Àwọn ọmọ-ọmọ ńkọ́? Ìwọ náà ńkọ́, ṣé orúnkún yẹn ti fi ẹ́ lọ́rùn sílẹ̀? Àlàáfíà la wà níbí. Ìyá wọn ti ń rìn dáadáa láti ìgbà tí àìsàn yẹn ti lọ. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ nìkan ni kò tíì padà bọ̀ sípò. Àwọn ìka rẹ̀ ò lè di nǹkan kékeré mú.

Ó yẹ kí n tètè sọ fún ọ kí o má baà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn: mo ti padà sí iléèwé. Má rẹ́rìn-ín o. Látìgbà tí mo ti gbé ṣọ́ọ̀bù ìgẹrun mi fún ẹlòmíràn, àtijókòó sílé ti sú mi, èmi náà sì ti sú Ìyá wọn. Àkọ́bí wa obìnrin, ẹnjiníà wa, ló ń kọ́ àwọn àgbàlagbà ní ìrọ̀lẹ́ bí a ṣe ń hùmọ̀ nǹkan àti bí a ṣe ń yà á fún ẹni tó máa ṣe é. Mo ní màá wá. Ó wò mí títí, ó ní, "Bàbá mi, ṣé ẹ ò ní bínú tí mo bá bá yín wí?" Mo ní ìbínú mi ti tán kí wọ́n tó bí i. Wíńgà, ọmọ tí mo gẹrun fún ni mò ń pè ní Tíṣà báyìí!

Páálí ìṣáná la kọ́kọ́ yà. Tèmi rí bíi fọ́tò, mo tiẹ̀ fi òjìji sí i. Tíṣà ní kí n nù ún. Ó ní ojú kan ṣoṣo ni mo fi wò ó, pé ká yà á láti iwájú, láti òkè, àti láti ẹ̀gbẹ́. Ìlà gbọọrọ fún ohun tí ojú ń rí, ìlà gígékúrú-gígékúrú fún ohun tó fara pamọ́ sínú, ká wá kọ ìwọ̀n sí gbogbo rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó yí mi ká ń họrí. Ẹ̀rín ń pa èmi. Ṣebí iṣẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀bù náà ni kí n gbé dígí kejì sẹ́yìn oníbàárà kó lè rí ìpàkọ́ ara rẹ̀? Ó yé mi kíá. Ọwọ́ mi nìkan ló ń gbọ̀n. Ìlà tí mo bá fà láìlo rúlà, bí ejò ló ń rìn.

Lẹ́yìn ìyẹn, ó ní kí oníkálukú wá ẹni tí nǹkan ń ni lára nínú ilé, kó hùmọ̀ ohun tó máa ràn án lọ́wọ́. Èmi ò wá a jìnnà. Ìyá wọn ò lè gbé kẹ́tùlù mọ́, èmi ni mo ń bu tíì fún un láràárọ̀. Mo ya ìjókòó onírin kan tí kẹ́tùlù á máa tẹ̀ síwájú lórí rẹ̀: èèyàn á kàn fọwọ́ tì í, omi á dà sínú ife. Wẹ́dà jó irin náà pọ̀, mo kùn ún ní pupa. Ìyá wọn dúpẹ́, ó lò ó lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí mo tún máa wo ibẹ̀, aṣọ ìnuwọ́ ló sá sórí ẹ̀.

Tíṣà wá fún mi ní máàkì tí mi ò lè kọ síbí. Mo ní kí ló dé, ṣé ìlà mi ò tọ́ ni?

"Ìlà yín tọ́, Bàbá mi. Ta ló sọ fún yín pé tíì ló ń ni Màmá lára?"

"Èmi ni mo fẹ́ ẹ. Mo mọ̀ ọ́n kí o tó dáyé."

"Mo gbọ́, sà. Ṣé ẹ bi wọ́n?"

Ìbínú tí mo ní ó ti tán, àṣé ó ṣì kù. Mi ò bá a sọ̀rọ̀ títí tó fi gbé mi délé, mo sì ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ̀ gbàgà.

Lọ́jọ́ kejì, bí a ṣe jẹun tán, mo bi Ìyá wọn. Ó kọ́kọ́ ń ṣa èérún búrẹ́dì kiri lórí tábìlì. Ó ní ṣé kí òun sọ òótọ́? Mo ní kó sọ ọ́.

"Ilẹ̀kùn balùwẹ̀ ni. Irin róbótó kékeré tí a fi ń tì í, ọwọ́ mi ò lè yí i. Látìgbà tí mo ti ṣàìsàn, mi ò tíì wẹ̀ kí ẹnì kan má ṣílẹ̀kùn. Àwọn ọmọ á wọlé wá fọ ẹnu. Ẹ̀yin náà á wọlé wá mú kóòmù yín. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní nǹkan lọ́kàn. Ṣùgbọ́n kò sí ibì kan nínú ilé yìí tó jẹ́ tèmi nìkan mọ́."

Mo ní tíì wá ńkọ́? Ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Tíì tí ẹ̀ ń bù fún mi, mo fẹ́ràn ẹ̀. Ẹ wá lọ fi irin rọ́pò ara yín."

Wíńgà, mo dìde, mo lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀ bí ẹni tí kò dé ibẹ̀ rí.

Ìgbà náà niṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Mo wọn ibi tí ìgúnpá rẹ̀ dé tó bá dúró. Mo ya oríṣiríṣi. Tíṣà ní kí n kọ́kọ́ fi páálí gé e, kí Ìyá wọn dán an wò. Ti àkọ́kọ́ ga jù. Èyí tó tẹ̀ lé e há mọ́ ìró rẹ̀, díẹ̀ ló kù kó tú u nídìí. Ẹ̀rín ò jẹ́ ká ríṣẹ́ ṣe mọ́ lọ́jọ́ náà. Níkẹyìn, a fẹnu kò sí pákó gígùn kan tó ń yí lórí bóòtù: tó bá fi apá tì í wálẹ̀, á jókòó sínú àlàfo lára férémù, ilẹ̀kùn ti tì nìyẹn, tó bá fi apá gbé e sókè, ó ṣí.

Tíṣà wò ó, ó ní, "Tí wọ́n bá yọ̀ ṣubú sínú ibẹ̀ ńkọ́?" Mo bá fi ihò tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí i tí èèyàn lè ki ọ̀bẹ bọ̀ láti ìta, kó fi gbé pákó náà sókè. Ìyá wọn fárígá, ó ní irú títì wo nìyẹn. Wọ́n fà á títí, tìyá tọmọ, èmi ń fi írésà nù, mò ń tún un yà. Ibi tí wọ́n parí ẹ̀ sí ni pé kí ihò náà wà, ṣùgbọ́n ká kanlẹ̀kùn, ká pè é, tí kò bá dáhùn ni ká tó lò ó.

Mo gbé àwòrán lọ fún káfíńtà, mo dúró dè é kó bi mí léèrè. Ó gbé gíláàsì sójú, ó wo iwájú, ó wo òkè, ó wo ẹ̀gbẹ́, ó ní kí n máa lọ. Mo ní ṣé kò sí ìbéèrè ni? Ó ní gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ gẹrun fún un lọ́fẹ̀ẹ́, àfi pé orí rẹ̀ ti pá.

Àná ló wá gbé e sára ilẹ̀kùn. Ìyá wọn mú ọṣẹ àti táwẹ̀lì, ó wọlé, a gbọ́ "kó!" Èmi, Tíṣà àti káfíńtà dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí ẹni tó ń retí èsì ìdánwò. Omi ń dà. Omi dá. Kò jáde. Ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́, mo ti mú ọ̀bẹ lọ́wọ́. Tíṣà di ọwọ́ mi mú, ó ní kí n kanlẹ̀kùn ná. Mo kàn án.

"Ìyá wọn!"

Ohùn kan tí mi ò gbọ́ látìgbà tí àìsàn yẹn ti dé wá dáhùn, ó le koko:

"Èèyàn wà níbí o!"

A rọra fi ibẹ̀ sílẹ̀.

Bá mi kí ìyàwó rẹ àti gbogbo ilé. Ìyá wọn náà ní kí n kí yín. Inú balùwẹ̀ ló ti pariwo ẹ̀ wá bí mo ṣe ń kọ èyí lọ́wọ́.

Tìrẹ ni mo ṣì jẹ́, pẹ́ńsù létí,

Kílípà