Ẹ̀kọ́ Mẹ́ta Tí Akọ̀wé Mi Ń Kọ́

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì oṣù kẹta

Ìyàwó tuntun ni mí, mi ò sì lẹ́ni tí mo lè bá sọ̀rọ̀ nílé yìí. Ìdí tí mo fi ra ìwé yìí nìyẹn. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà — ẹni tó bá rí i kó má fi mí ṣẹ̀sín. Lójú ọkọ mi, "ẹ" ni mò ń pè é. Níbí, "ó" ni. Mo tún sọ ọ́ ní Akọ̀wé Mi, òun náà ò mọ̀. Ilé ìtẹ̀wé ló ti ń ṣiṣẹ́, yíǹkì kì í tán lábẹ́ èékánná rẹ̀.

Lónìí ó ní òun ti wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀kọ́ mẹ́ta: ìmọ̀ àwùjọ, èdè Sípéènì, ìtàn sísọ. Mo béèrè pé kí ni ìmọ̀ àwùjọ. Ó ní bí èèyàn ṣe ń bá èèyàn gbé ni. Mo ní, ìyẹn náà gba olùkọ́? Ó rẹ́rìn-ín títí. Èmi ni mo pa á lẹ́rìn-ín o.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹta

Èmi ni mò ń di ìwé Sípéènì mú, òun ń sọ ọ́ látorí. Ó ti fi bírò kọ ìtumọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kí n lè máa tọ́ ọ sọ́nà. Tó bá ṣì í, mo ní "ẹ tún un sọ." Èmi, kí n máa ní kí ọkọ mi tún ọ̀rọ̀ sọ.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹfà

Olùkọ́ ìmọ̀ àwùjọ ní kí wọ́n lọ fọ̀rọ̀ wá abilékọ kan lẹ́nu wò. Èmi ló mú. Ó jókòó sí òdìkejì tábìlì bíi dókítà, ó ní kí n gbàgbé pé ọkọ mi ni òun.

Ta ló ń pinnu nǹkan nínú ilé yín, mà? — Mà! Mo fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo ní ọkọ mi ni. Kí ló ń dẹ́rù bà yín nínú ilé? Mo ní ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, tó ń sùn ní pálọ̀. (Eyínfúnjowó ni mò ń pè é. Eyín rẹ̀ funfun lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í fi rẹ́rìn-ín sí mi.) Kí lẹ fẹ́ràn jù? Mo ní ìgbà tí mo bá gbọ́ bàtà ọkọ mi lórí àtẹ̀gùn.

Mi ò lè sọ ìyẹn fún ọkọ mi láéláé. Fún oníbèéèrè, ó jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Kò gbójú sókè, ó ń kọ ọ́. Ó ní, "Ẹ ṣeun, mà. Ó kan ìbéèrè kẹjọ."

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹjọ

À ń ká aṣọ ló sọ ọ́. Ẹni tó bá ṣe dáadáa jù nínú ẹ̀kọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kọ́lẹ́ẹ̀jì máa rán an lọ sí Sípéènì. Ọdún kan gbáko. Ẹnì kan ṣoṣo — kò sí ti aya níbẹ̀. Ó ní, "Kí lo rí sí i?"

Mo dákẹ́.

Nílé wa, bí ìyá mi bá dákẹ́ báyẹn, bàbá mi ti mọ̀ pé kò gbà nìyẹn. Á fa àga sún mọ́ ọn, á máa pọ́n ọn lé títí yóò fi la ẹnu. Mo dákẹ́, mò ń retí àga. Akọ̀wé Mi ká ṣẹ́ẹ̀tì méjì. Ó ní, "O ṣeun." Ó ń súfèé lọ sí balùwẹ̀.

O ṣeun ti kí ni?

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án

Eyínfúnjowó bá mi nídìí síńkì. Ó ní, "Ìyàwó, mo gbọ́ pé o ti gbà. O gbìyànjú o. Ẹlòmíì ìbá ti tú ilé ká." Mo ní mi ò tíì sọ nǹkan kan, mà. Ó ní, "Bá a ṣe mọ̀ nìyẹn. Nílé tiwa, ẹni tó bá dákẹ́ ti gbà. Bí wọ́n ṣe fi mí fọ́kọ nìyẹn, ọkọ tí mo padà sá fún." Ó ṣan ife rẹ̀, ó lọ.

Màá sọ fún Akọ̀wé Mi lọ́la pé mi ò gbà.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlá

Mi ò tíì sọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlá

Kò rí ìtàn tó máa sọ ní kíláàsì. Ó ní tòun máa ń gbẹ bíi búrẹ́dì àná. Mo ní ibi tí màá gbà wọlé nìyí. Mo jókòó, mo hun ìtàn kan fún un. Ọkùnrin kan ní kí aya òun bá òun di ilẹ̀kùn mú, òun fẹ́ yára lọ wo ohun tó wà lẹ́yìn òkè. Obìnrin di ilẹ̀kùn mú. Òjò pa á, oòrùn pa á, ọwọ́ rẹ̀ di igi, ó wọnú ilẹ̀kùn lọ. Nígbà tí ọkọ dé, kò rí aya. Ó ní, ilẹ̀kùn yìí mà dára o. Ó ṣí i, ó wọlé.

Akọ̀wé Mi gbé bírò sílẹ̀ — mo ní ó ti yé e. Ó wá ní, "Ó dùn gan-an. Ìparí yẹn ló le jù. Ká ní ọkùnrin yẹn gbé góòlù bọ̀ ńkọ́?"

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìdínlógún

Ìdánwò lónìí. Ó wá sí mi lọ́kàn kí n gbé bàtà rẹ̀ pamọ́. Mo dán an fún un.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàlélógún

Òun ni wọ́n mú.

Olùkọ́ ìtàn ní ó ti pẹ́ tí òun ti gbọ́ irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Wọ́n ka ìdáhùn mi níwájú kíláàsì ìmọ̀ àwùjọ, wọ́n ń pè mí ní "obìnrin kan." Wọ́n bi í bóyá ìyàwó rẹ̀ gbà kó lọ. Ó ní tayọ̀tayọ̀. Oṣù tó ń bọ̀ ni. Ó gbé mi sókè ní àárín ilé, èmi náà ń rẹ́rìn-ín, ta ni kò ní rẹ́rìn-ín?

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Mo wọ balùwẹ̀, mo ṣí omi kí wọ́n má gbọ́. Ẹ má lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ. Ó rọrùn láti sọ fún páìpù. Mo dé iwájú rẹ̀, ètè mi lẹ̀ pọ̀. Ó ní, "Kí ló dé?" Mo ní oúnjẹ ti délẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Ìtìjú ni kò jẹ́ kí n lè sọ ọ́ ní èdè wa. Mo ní bóyá èdè Sípéènì ò ní ìtìjú nínú. Mo wá a nínú ìwé rẹ̀ láàárọ̀, mo sì rí i. Ní ṣọ́ọ̀bù aránṣọ tí mo ti ń ṣiṣẹ́, gbogbo bọ́tìnnì tí mo rán lónìí, òun ni mò ń sọ sí wọn lábẹ́nu.

A jẹun dé àárín. Mo ní: No te vayas.

Ó gbé ṣíbí kalẹ̀. Ó wò mí. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó dìde. Ó ní mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á, ibi "vayas" yẹn ló kù, ètè gbọ́dọ̀ pàdé, kó dà bíi "báyas." Mo tún un sọ. Ó ké sí pálọ̀: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá gbọ́ ìyàwó yín." Eyínfúnjowó wá dúró sẹ́nu ọ̀nà. Mo sọ ọ́. Ó béèrè ìtumọ̀. Akọ̀wé Mi ní, "Ó ní kí n má lọ."

Eyínfúnjowó wò mí, kò mójú kúrò lára mi. Ó ní, "Ìyàwó, ẹ̀kọ́ lò ń kọ́ ni, àbí ọ̀rọ̀ lò ń sọ?"

Mo mí sínú kí n lè dá a lóhùn. Akọ̀wé Mi ti dá a lóhùn fún mi. Ó ní, "Ẹ̀kọ́ ni o. Ẹ ò gbọ́ bó ṣe mọ́ ọn lẹ́nu?"

Ó pàtẹ́wọ́ fún mi.