Ilé Méjìlá Lórí Kúbùsù Kan

Ọjọ́ Ajé, 18 Oṣù Kẹsàn-án

Inú ń bí mi. Kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kí n tó bọ́ bàtà: inú ń bí mi.

Ìpàdé ẹgbẹ́ oníkúbùsù ni mo ti ń bọ̀, ní yàrá abẹ́ ilé ìkàwé. Abẹ́rẹ́ Wúrà ló dìde. Arlys Vodicka ni mo ń pè bẹ́ẹ̀, alága wa, ẹni tó ti fi ọwọ́ lásán rán kúbùsù alábùlẹ̀ gba ríbọ́nì ìdíje kún ògiri ilé. Ó ní kíláàsì ọmọdé tí mò ń kọ́ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta ti tó gẹ́ẹ́. Ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ. Èérún bisikíìtì lórí gbogbo tábìlì. Kò sì sí ọmọ kan tó tíì parí ohun tó tó ìnura. Kí a tì í pa, kí a fi yàrá náà fún àwọn tó ń fọwọ́ rán. Ó wá fi kún un pé ẹni tó bá fi ẹ̀rọ rán kúbùsù, àpò àgbàdo ló rán.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n fèsì." Ó ní kò tíì kàn mí.

A fà á síwá, a fà á sẹ́yìn. Ibi tó parí sí: kí àwọn ọmọ rán kúbùsù kan tó lè bo bẹ́ẹ̀dì àgbà, kí ó parí pátá, kí a gbé e kọ́ níbi àfihàn wa ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù tó ń bọ̀. Bí ó bá wà níbẹ̀, kíláàsì dúró. Bí kò bá sí, kí n dá kọ́kọ́rọ́ yàrá padà. Èmi ni mo ní àárín tàwọn àgbà la ó gbé e kọ́ sí, kì í ṣe lẹ́bàá ilé ìgbọ̀nsẹ̀ bíi ti àtẹ̀yìnwá. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín lọ.

Baba Fìlà (ọkọ mi Duane, inú ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ló ti ń ṣí fìlà yẹn) ní, "Twyla, ẹnu rẹ ló máa kó bá ọ." Mo ní kó jẹ ẹran rẹ̀ kó tó tutù.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 23 Oṣù Kẹsàn-án

Mo sọ fún àwọn ọmọ. Brecken nìkan ló béèrè bóyá wọ́n máa gbé wa sórí tẹlifíṣọ̀n. Ọmọ ọdún mẹ́wàá, kò jókòó jẹ́ẹ́ rí láyé rẹ̀. Mo wa bọ́ọ̀sì ilé ìwé ní Plum Fork yìí títí irun mi fi funfun. Irú rẹ̀ kò bà mí lẹ́rù.

Ohun tí a máa rán: ìlú wa nígbà òtútù. Ọmọ méjìlá, ilé méjìlá. Kí oníkálukú mú aṣọ wá láti ilé rẹ̀, kí ó fi kọ́ ilé rẹ̀. Aṣọ funfun láàárín, ìyẹn ni yìnyín. Òfin mi kan ṣoṣo, tí mo ti fi gún wọn létí títí ó fi sú wọn: aṣọ tí a kò tíì fọ̀, sísọ́ọ̀sì kò gbọdọ̀ kàn án.

Èmi náà ni mo rú u. Yareli, ọmọ ọdún méjìlá tí àwọn òbí rẹ̀ wá torí iṣẹ́ ilé ìpẹran, mú etí síkẹ́ẹ̀tì pupa kan wá. Ti ìyá ìyá rẹ̀ ni, tó kú ní oṣù kẹfà ní Mẹ́síkò, tí wọn kò sì ráyè lọ sin. Òrùlé ilé rẹ̀ ló fẹ́ fi ṣe. Ó ní, "Màmá Twyla, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọ̀ ọ́. Òórùn màmá àgbà ṣì wà lára rẹ̀."

Mo gbé e sí imú. Èéfín igi, àti nǹkan dídùn kan. Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo fi sísọ́ọ̀sì lé e lọ́wọ́.

Ọjọ́rú, 27 Oṣù Kẹsàn-án

Baba Fìlà ní mò ń bá Brecken jà lójú oorun. Irọ́ ló ń pa. Ó ṣeé ṣe.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 30 Oṣù Kẹsàn-án

Hollis, tó kéré jù nínú wọn, rán apá ẹ̀wù rẹ̀ mọ́ ilé rẹ̀. Ó rán an dáadáa o, bí mo ṣe fà á tó kò tú. A gé apá ẹ̀wù. Bí ìyá rẹ̀ ṣe rí i, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Katakata Brecken tóbi ju ilé rẹ̀ lọ. Mo ní níbo wá ni àwọn èèyàn ń sùn sí? Ó ní nínú katakata.

Òrùlé pupa Yareli — ó gún régé. Ọmọ yẹn lọ́wọ́. Ẹ̀rọ ìránṣọ ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7 Oṣù Kẹwàá

A so ilé méjèèjìlá pọ̀. A tẹ́ òwú sáàárín, a tẹ́ aṣọ ẹ̀yìn sábẹ́. Mo fi bírò búlúù tí omi ń pa rẹ́ fa ìlà tí wọ́n máa rán tẹ̀ lé sórí yìnyín. Láti ọ̀la lọ, ojoojúmọ́ ni, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì lọ́la, lẹ́yìn ilé ìwé lọ́jọ́ yòókù. Ẹ̀yìn ń dùn mí, orúnkún ń dùn mí, inú mi sì dùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10 Oṣù Kẹwàá

A PARÍ RẸ̀! Wọ́n kígbe débi pé olùtọ́jú ilé ìkàwé sáré sọ̀ kalẹ̀ wá pa wá lẹ́nu mọ́. Ó dúró. Ó wò ó. Ó ní, "Ilé tèmi dà?" Lọ́la màá fọ ìlà búlúù kúrò, ó tán.

Ọjọ́rú, 11 Oṣù Kẹwàá

Mo gbé. Yéè, mo gbé.

Mo kó kúbùsù sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ láàárọ̀, mo lọ mu kọfí. Síkẹ́ẹ̀tì yẹn kò wá sí ọkàn mi rárá. Mo ṣí ẹ̀rọ — àwọ̀ aṣọ pupa ti ṣí. Yìnyín gbogbo ìlú ti pọ́n, láti òrùlé Yareli títí dé ọ̀dọ̀ Brecken, bí ìgbà tí èèyàn da omi tòmátò sórí àwo. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ balùwẹ̀, mo sunkún bí ọmọ ọwọ́. Òní kọ́, ọ̀la kọ́, ọ̀túnla la máa gbé e kọ́.

Mi ò jẹ́ kó gbẹ. Bó bá fi lè gbẹ báyìí, àwọ̀ yẹn kò ní kúrò mọ́ láéláé. Mo rì í sínú ọpọ́n ìwẹ̀, nínú omi tútù.

Mo pe ìyá Yareli, ó mú ọmọ náà wá lẹ́yìn ilé ìwé. Yareli wo inú omi. Kò sunkún. Ó ní, "Màmá Twyla, ẹ gé ilé mi kúrò. Ẹ fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Tèmi ló bà á jẹ́."

Mo ní, "Èmi ni mo bà á jẹ́, ìwọ kọ́. Kò sì sí ẹni tó máa lé ọ kúrò nílé rẹ lójú mi. Kí n má gbọ́ ọ mọ́."

Ìyá rẹ̀ yí ojú sí ògiri.

Mo sọ fún LaVonne, ọmọ ẹgbẹ́ wa, lórí fóònù, òun nìkan. Ẹnu LaVonne kì í gba omi dúró. Gbogbo ìlú ti gbọ́ báyìí.

Ọjọ́bọ̀, 12 Oṣù Kẹwàá

Kí n fara balẹ̀ kọ eléyìí.

Mi ò tíì mu kọfí tán tí ọkọ̀ Abẹ́rẹ́ Wúrà fi dúró níwájú ilé. Mo ní ó ti dé, ó wá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá láìkí mi, ó wọ balùwẹ̀, ó ti ìka bọ omi.

"Omi tútù! Ta ló kọ́ ọ ní ìyẹn, Twyla? Omi gbígbóná ni. Gbígbóná tí ọwọ́ ò lè gbà. Pẹ̀lú ọṣẹ tí a fi ń fọ abọ́, kí omi pọ̀ dáadáa, kí aṣọ rí àyè lúwẹ̀ẹ́."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo rò pé ẹ fẹ́ kí kíláàsì yìí kú ni."

Ó ní, "Mo fẹ́ kó kú. Àmọ́ kì í ṣe nínú ọpọ́n ìwẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ṣí omi."

Omi gbígbóná ilé wa kò kún ọpọ́n dé ìdajì tó fi tán. Abẹ́rẹ́ Wúrà jáde, mo rò pé ó ti lọ. Ìgbà tí mo máa gbọ́ ariwo lẹ́nu ọ̀nà — òun ni, pẹ̀lú ìkòkò ńlá méjì tí ṣọ́ọ̀ṣì fi ń se kọfí, láti fi se omi! LaVonne tẹ̀ lé e. Ẹ̀yìn LaVonne, ìdajì ẹgbẹ́, oníkálukú pẹ̀lú kẹ́tù lọ́wọ́. Àwọn tó rẹ́rìn-ín mi nípàdé wà níbẹ̀, àwọn gan-an ló ń sáré jù.

A da omi dànù, a tún bu òmíràn. Omi àkọ́kọ́ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Ìkejì náà pọ́n. Mi ò ka ìyókù. Baba Fìlà ti oko àgbàdo dé, eruku bò ó, ó ní níbo lòun ti máa wẹ̀. Abẹ́rẹ́ Wúrà ní, "Agbada omi màlúù wà níta, Duane. Màlúù ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni." Ẹ̀rín pa wá, LaVonne fẹ́rẹ̀ẹ́ jábọ́ sínú ọpọ́n.

Àwọn ọmọ dé láti ilé ìwé. Mo fa Yareli sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ní kó má bínú, pé pẹ̀lú gbogbo ọṣẹ yìí, òórùn màmá àgbà ti lọ. Ó ní, "Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló fi fọṣọ. Kò ní bá ọṣẹ jà." Ọmọ ọdún méjìlá! Mo ní kí n lọ bu omi sí i, kí wọ́n má baà rí ojú mi.

Ohun kan ṣẹlẹ̀. Abẹ́rẹ́ Wúrà ń da kẹ́tù, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, omi gbígbóná ta sílẹ̀. Yareli rọra gba kẹ́tù lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní kẹ́tù ló wúwo.

Kí oòrùn tó wọ̀, omi mọ́ kedere. A gbé kúbùsù sókè. FUNFUN! Àwọn obìnrin pariwo, àwọn ọmọ ń fò lórí bẹ́ẹ̀dì mi. Àmì pupa rẹ́súrẹ́sú kan ló kù lẹ́bàá katakata Brecken. Mo ní màá gbìyànjú sí i. Brecken ní kí n fi í sílẹ̀, pé oòrùn tó ń wọ̀ lẹ́yìn katakata òun ni.

Ọjọ́ Ẹtì, 13 Oṣù Kẹwàá

A gbé e kọ́ sí gbọ̀ngàn ilé ìwé, àárín gbùngbùn. Kúbùsù oníràwọ̀ ti Abẹ́rẹ́ Wúrà ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo mọ ìràwọ̀ wọ̀nyẹn. Ó ti gbé e wá rí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 Oṣù Kẹwàá

Ẹsẹ̀ mi wú, orí mi náà wú!

Gbogbo ayé wá. Wọ́n wo ti ẹlòmíràn fìrí, wọ́n dé iwájú tiwa, wọn ò kúrò. "Ilé wa nìyẹn!" "Ilé bàbá mi àtijọ́ rèé, kí wọ́n tó kùn ún!" Àgbẹ̀ kan tó ní ìyàwó òun ló fa òun wá ló pẹ́ jù níbẹ̀. Hollis ló ń ṣọ́ ọ kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ funfun tó tóbi jù ú lọ. Olórí ìlú na ọwọ́ sí òrùlé kan. Hollis ní, "Bàbá, ojú la fi ń wò ó!" Bàbá kó ọwọ́ sápò.

Ìyá Yareli dúró lẹ́bàá òrùlé pupa. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé imú sún mọ́ ọn. Hollis fẹ́ pariwo, mo bò ó lẹ́nu. Obìnrin náà ní òórùn ọṣẹ nìkan lòun gbọ́. Ó rẹ́rìn-ín tomijétomijé, ó ní òórùn ìyá òun náà nìyẹn.

Ìbò àwọn ará ìlú: kúbùsù tí wọ́n fẹ́ràn jù. Brecken dìbò lẹ́ẹ̀mẹ́jọ, mo dá ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ mọ̀, mo yọ méje dànù. Síbẹ̀síbẹ̀ a wọlé! A gbá gbogbo àgbà ẹgbẹ́ wọlẹ̀, èmi náà wà nínú wọn. Yareli ló gba ríbọ́nì. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ àyà ìyá rẹ̀.

Mo jẹ kolaṣi mẹ́rin, búrẹ́dì dídùn tí wọ́n fi èso sáàárín rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè sọ fún mi pé kí n má jẹ ẹ́.

Ọjọ́ Ajé, 16 Oṣù Kẹwàá

Ìpàdé. Mo ti múra ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún gbogbo wọn, ọ̀rọ̀ tó le. Mi ò sọ ọ́.

Abẹ́rẹ́ Wúrà ní kí ẹni tó bá fẹ́ kí kíláàsì dúró na ọwọ́ sókè. Gbogbo wọn nà á. Tirẹ̀ ló kẹ́yìn. Ó gbé e sókè, ó sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀ kí a lè rí i dáadáa. Ó ń gbọ̀n.

Ó ní, "Ẹ wò ó. Ọdún kejì rèé tí mi ò ti lè di abẹ́rẹ́ mú. Kúbùsù àtijọ́ ni mò ń gbé wá fún yín. Mo máa ń jókòó sínú ọkọ̀ níta níbí lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, màá máa gbọ́ ariwo ẹ̀rọ àwọn ọmọ yẹn, inú á máa bí mi, torí wọ́n ń rán, èmi ò lè rán."

Ó wá kọjú sí mi. "Twyla, o ò ní bá mi wá àga kan sí kíláàsì rẹ?"

Mo dìde, mo lọ fa àga kan sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 21 Oṣù Kẹwàá

Abẹ́rẹ́ Wúrà dé ṣáájú gbogbo wọn. Yareli ní òun ló máa jókòó tì í. Ó ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ fún un, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lé aṣọ pẹrẹsẹ, ó ní, "Màmá, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ báyìí, kò ní gbọ̀n." Abẹ́rẹ́ Wúrà tẹ ẹsẹ̀, ẹ̀rọ sáré, òun náà kígbe, Brecken ní, "Ẹ rọra wà á, Màmá!" Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó rọra. Ó rán an láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìlà kan, ó wọ́ díẹ̀ lápá ọ̀tún. Ó fa aṣọ yọ, ó dìde nílẹ̀, ó gbé e sókè fún gbogbo kíláàsì. "Ẹ wò ó," ló ń wí. "Ẹ wò ó, èmi ni mo rán an."