Tòmátì Ẹ̀yìn Ilẹ̀kùn

Bàbá mi tí mo fẹ́ràn,

Orí àpótí yín nínú ilé ìdáná ni mo jókòó sí tí mo ń kọ èyí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ṣì ń mì, n kò tíì kàn án, ẹ má bínú. Màmá ti lọ sí ìpàdé àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo Òkè-Àkó dákẹ́ rọ́rọ́, mo sì ní ìròyìn fún yín. Ìròyìn ayọ̀ ni o, ẹ fọkàn balẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n rò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀, torí pé nínú rẹ̀ ni mo ti ṣe ohun tí ẹ ní kí n má ṣe láéláé. Mo ṣe é, n kò sì ní tọrọ àforíjì.

Ẹ rántí ògiri ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yìí? Nígbàkígbà tí tòmátì yín bá ti pọ́n, èyí tó dára jù nínú rẹ̀ ni ẹ máa ń fi àtàǹpàkò là sí méjì. Ẹ ó fi iyọ̀ jẹ ìdajì, ẹ ó sì fi ìdajì kejì ra ògiri, kí kóró rẹ̀ lè gbẹ síbẹ̀ de ọdún tó ń bọ̀. Lẹ́yìn náà ẹ ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni Màmá ti ń bá yín jà lórí ògiri yẹn àti lórí ṣòkòtò yẹn. Ẹ̀rín músẹ́ ni ẹ máa ń rín, tí ẹ ó tún mú tòmátì mìíràn.

Nígbà tí ẹ lọ, ẹ mọ̀ ọ́n bí a ti í ṣe é níbí. A kì í jẹ́ kí àlejò ìsìnkú bá ilé àgbà ní dídọ̀tí. Màmá ní kí akunlé wá kun gbogbo ilé, tinú tòde. Èmi wà níta pẹ̀lú àwọn tó gbé àga wá, ojú mi wú fún ẹkún, kò sí ẹni tó rántí tòmátì. Ìgbà tí àlejò ti lọ tán ni mo fa ilẹ̀kùn ilé ìdáná mọ́ra, tí mo wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó funfun báláú. Níbi tí búrọ́ọ̀ṣì kò dé nísàlẹ̀ pátápátá nìkan ni kóró ṣẹ́ kù sí, kò tó àtẹ́lẹwọ́ mi. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀, mo fi ọ̀bẹ ha á sínú bébà. Mo wá irú rẹ̀ kiri lọ́wọ́ àwọn ará ilé, mo wá a dé ìlú Ìyè, èyí tó ní ìlà lára bí elégédé kékeré, tó máa ń kan díẹ̀ lẹ́nu. Kò sẹ́ni tó ní in mọ́. Tòmátì gígùn tí wọ́n ń ra irúgbìn rẹ̀ nínú agolo ni gbogbo èèyàn ń gbìn báyìí. Ìyẹn ni pé bí ìwọ̀nba tó wà lọ́wọ́ mi bá kú, tòmátì yín ti parí láyé.

Òjò dáwọ́ dúró, mo gbìn ín sí àkùrọ̀ yín lẹ́bàá odò. Díẹ̀ ló hù. Màmá ló ń bomi rin wọ́n láàárín ọ̀sẹ̀, torí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí mo ń di irun fún ní Ìkọ̀lé kì í jẹ́ kí n gbádùn. Ọjọ́ tí n kò bá ṣí ṣọ́ọ̀bù ni mo máa ń wá. Wọ́n dàgbà, wọ́n yọ òdòdó, òdòdó náà fẹ́rẹ̀ẹ́ parí iṣẹ́ rẹ̀, èso tútù ti ń so nísàlẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀, mo ti ń yan èyí tí n ó fi ra ògiri.

Ìgbà yẹn ni ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́. Eruku ojú ọ̀nà ń bọ́ sórí ewé, ewé sì ń ní àmì wínníwínní bí ẹni pé wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún un. Mo ṣe ohun tí ẹ máa ń ṣe sí ẹ̀fọ́ lásìkò òjò. Mo bu eérú inú ààrò, mo wọ́n ọn sórí gbogbo wọn, mo sì lọ síbi iṣẹ́ mi tayọ̀tayọ̀. Nígbà tí mo padà dé, ewé ti ń pọ́n, ó ń ká kò, òwú tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti aláǹtakùn sì ti so orí òdòdó pọ̀ mọ́ra. Mo tún bu eérú sí i. Ó tún burú sí i. Mo ti ṣọ́ọ̀bù pa, mo ní kí Màmá tẹ́ ẹní fún mi nílé.

Bàbá Délé, àbúrò yín, gbé ẹ̀rọ oògùn kòkòrò kọ́ ẹ̀yìn wá. Ẹ mọ̀ ọ́n, inú rẹ̀ dára, ọwọ́ rẹ̀ ló yá jù. Ó ti fọ́n ọn sí ìgbá tirẹ̀ ní poro kejì, àìsàn yìí kan náà ló sì ń ṣe ìgbá ọ̀hún. Mo lọ wò ó. Kòkòrò tó ń fò, aláǹtakùn tó ń ṣọdẹ, gbogbo wọn ti kú sílẹ̀, àmọ́ ewé ìgbá ń pọ́n lọ ní tirẹ̀. Màmá sì wà ńlé, tó jẹ́ pé bó bá ṣe ń já tòmátì ló ń jẹ ẹ́, kì í dé ilé. Èso ti fẹ́ pọ́n, ibo ni mo fẹ́ fi májèlé sí? Mo kọ̀. Bàbá Délé bínú, ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ, kò sì kí mi ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi. Mo kí i, ó wo òkè.

Mo padà sí àkùrọ̀, mo jókòó sí àárín poro bí ọmọ tí wọ́n gba oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Níbi tí mo jókòó sí, abẹ́ ewé ló kọjú sí mi. Bàbá, wọ́n wà níbẹ̀. Wọ́n pupa, wọn ò tó orí abẹ́rẹ́, wọ́n ń rìn lọ rìn bọ̀ láàárín òwú wọn, ẹyin wọn sì tò síbi iṣan ewé. Ẹ̀rín ló pa mí. Iná orí ni mo rí! Kí sì ni iṣẹ́ mi? Ọmọ mélòó ni ìyá wọn ti mú wá bá mi, tí wọ́n ti da oríṣiríṣi nǹkan sí lórí, tí iná wà ní ìpàkọ́ àti lẹ́yìn etí tó ń gbádùn ara rẹ̀? A kì í ti òkè bá iná jà. À ń la irun ni, ká wo ìdí rẹ̀. Eérú tí mo ń wọ́n sórí ewé láti ọjọ́ yìí, òrùlé ni mo ń kọ́ fún wọn.

Omi ló kù tí mo lè fi fọ̀ wọ́n kúrò. Omi lára ewé sì ni ẹ kì í gbà. Gbòǹgbò ní í mumi, ewé kì í mu ún: ta ló kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ yẹn bí kò ṣe ẹ̀yin? Bí omi bá ta sí òdòdó nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹ ó gba agolo lọ́wọ́ mi kíá, ẹ ó sì ṣe bí ẹni pé mo ta á sí ọmọ tuntun lójú. Mo dúró, mo rò ó. Ṣé kí n pa òfin yín mọ́, kí n sì pàdánù tòmátì yín? Èmi ò lè ṣe irú ọmọ yẹn.

Mo gé ewé tó ti bàjẹ́ jù, mo dì í sínú àpò, mo sun ún jìnnà sí oko. Mo se ewé dóńgóyárò, mo po ọṣẹ dúdú díẹ̀ mọ́ omi rẹ̀, mo sì rọ ọ́ sínú ike tí mo fi ń fọ́n omi sí irun oníbàárà. Kí òòrùn tó mú, mo kúnlẹ̀ nídìí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ń fi ọwọ́ òsì bo òdòdó, mo ń gbé ewé sókè bí ẹni ń la irun, mo ń fọ́n omi láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Mo tún ṣe é nígbà tí ẹyin ti pa, mo tún padà ṣe é. Màmá ń da omi sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kí eruku má baà dìde. Iṣẹ́ ni, ẹ̀yìn ń ro mí. Òdòdó kan já, n kò ní purọ́ fún yín. Púpọ̀ dúró.

Orí ìkúnlẹ̀ yẹn ni mo ti rántí yín. Lásìkò ọyẹ́, ẹ máa ń ṣí fìlà, ẹ ó lóṣòó sábẹ́ tòmátì, ẹ ó gbé ojú sókè, ẹnu yín ó sì máa mì. Àdúrà ni mo rò pé ẹ ń gbà, n kì í súnmọ́ yín. Ṣé àwọn kòkòrò yìí ni ẹ ń wò? Ṣé ẹ ti mọ̀ wọ́n? Kí ló dé tí ẹ kò pè mí kí n wá wò ó? Ó ń dùn mí pé mo jìnnà láwọn àárọ̀ yẹn.

Ewé tuntun ti yọ báyìí, ó tutù yọ̀yọ̀. Bàbá Délé wá, ó yí gbogbo rẹ̀ po, ó tẹ̀ ba, ó wo abẹ́ ewé. Ó mú ike ìfọ́nmi mi lọ sídìí ìgbá rẹ̀, kò sì tíì dá a padà di bí mo ṣe ń wí yìí.

Lánàá, àwọn àkọ́pọ́n pọ́n. Mo já méjì, mo gbé wọn wá sínú ilé ìdáná. Mo la ọ̀kan, mo fi iyọ̀ jẹ ìdajì, ó kan bó ṣe máa ń kan. Mo fa ilẹ̀kùn mọ́ra, mo wo ọ̀dà funfun tí Màmá kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fara kàn láti ọjọ́ ìsìnkú yín, mo sì fi ìdajì kejì rà á. Omi rẹ̀ ń ṣàn sílẹ̀. Bí mo ṣe yíjú, Màmá dúró sẹ́nu ọ̀nà. Mo múra ìjà sílẹ̀. Ó wo ògiri títí. Ó wá mú tòmátì kejì lórí tábìlì, ó fi àtàǹpàkò là á, ó nawọ́ sókè sí ibi tí ọwọ́ yín máa ń dé, ó rà á síbẹ̀. Ó wá nu ọwọ́ sára ìró rẹ̀. Bàbá, ìró tó dára ni o. A jọ sunkún, a sì jọ rẹ́rìn-ín.

Èmi ọmọbìnrin yín ni, tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń rùn tòmátì, tó ti nu tirẹ̀ náà sára síkẹ́ẹ̀tì.